Ẹjọ́ Mak Embun, Ẹni tí Látà Ń Ṣe

Ọdún tí omi òkun kọ́kọ́ gun orí oko ìrẹsì wa ni mo gbọ́ ìtàn yìí, lẹ́nu Bidah arúgbó, nígbà tí gbogbo wa sá lọ jókòó sí orí òkè tí a ń retí kí omi fà. Nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn, òun nìkan ló kù láyé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń fi iwin àti oògùn kún un. N kò gba tiwọn. Ti Bidah ni mo kọ síhìn-ín.

Ní ayé ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin kò tíì dé Perai nítòsí wa. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni àwọn ará Kuala Serai, ìlú wa yìí, fi ń sọdá òkun lọ sí Tanjung, níbi tí kóòtù àti ọjà ńlá wà. Àwọn òyìnbó olóko ìrèké ń ti ìhà gúúsù bọ̀ díẹ̀díẹ̀, èéfín ilé tí wọ́n ti ń fún ìrèké sì ti ń hàn lókè igi àgbọn bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ibi tí èéfín náà bá dé, ọgbà eléso a di oko ìrèké.

Ọgbà dúríán, èso ẹlẹ́gùn-ún olóòórùn líle nì, tó dára jù ní Kuala Serai, ti Mak Embun ni. Opó ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, kò bímọ. Bàbá rẹ̀ ló fún un ní ọgbà náà lójú ayé ara rẹ̀, nítorí òun ló tọ́jú rẹ̀ nígbà àìsàn. Inú ọgbà náà ni wọ́n sì sin bàbá àti ìyá wọn sí, lábẹ́ igi tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Jelani, ni penghulu ìlú, èyí tí í ṣe baálẹ̀. Èdìdì fàdákà kan wà lọ́wọ́ Jelani tí ìjọba fún un. Ìwé tí kò bá ní àmì èdìdì náà, kò sí kóòtù tí yóò kà á.

Látà ń ṣe Mak Embun. Bí nǹkan bá já a láyà lójijì, kí àwo bọ́, kí ẹnìkan pariwo lẹ́yìn rẹ̀, yóò ta gìrì, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àgbà sọ yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀, yóò sì máa sín ẹni tó wà níwájú rẹ̀ jẹ. Bí onítọ̀hún bá gbé ọwọ́, òun náà á gbé e. Bí ó bá jó, á jó. Kò ní pẹ́ tí yóò tán, á wá fi ìborùn bojú, á rẹ́rìn-ín, á ṣépè fún ẹni tó dá a níjì. Lójú wa, látà kì í ṣe wèrè. Bí ẹni tó ń hanrun ló rí. Ohun kan ṣoṣo tí àṣà wa sọ nípa rẹ̀ ni pé ohun tí ènìyàn bá ṣe nínú látà, látà ló ṣe é. A kì í bínú sí i, a kì í fi mú un. Bí ó bá sì ti kọjá, Mak Embun yìí náà ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kó wá gbẹ̀bí, òun náà ni ọkọ àti aya tó ń jà ń gbé ẹjọ́ wá bá.

Ọjọ́ tí wọ́n fá irun orí àkọ́bí Bidah ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní kúnlẹ̀, wọ́n gbé ìrẹsì tí a fi ata ilẹ̀ pupa sè sórí àwo idẹ, ọbẹ̀ ẹran ẹfọ̀n ń ta sánsán. Àwọn ènìyàn ti jẹun dé ìdajì nígbà tí Dahaman wọlé. Alágbàtà ilẹ̀ ni Dahaman, ọmọ Tanjung. Ẹ̀wù òyìnbó dúdú ló wọ̀ lé aṣọ ìbàdí sílíkì, ó wé láwàní bíi ti àwọn ọmọ ọba Kedah, òrùka sì kún ìka rẹ̀. Ó ti bẹ Mak Embun títí kó ta ọgbà fún àwọn olóko ìrèké.

"Mak Embun," ó ní bó ṣe ń jókòó, "ẹ ò tíì gbọ́ ti ìwé mi síbẹ̀?"

"Mo ti gbọ́ ọ. Etí mi ló kọ̀ ọ́."

"Ìrèké dùn o, ìyá."

"Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi tí n ó fi jẹ ìrèké? Fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú dúríán mi, òun kò ní kí n jẹ́ ọmọdé."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Dahaman náà rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ìwé kan síwájú Mak Embun, ó tẹ́ ìkejì síwájú ara rẹ̀, ó fi gègé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé ìgò tàdáwà sí àárín. Àwọn ènìyàn rò pé ó ṣì fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni. Ó wá fi ẹsẹ̀ gbá àwo idẹ kan tó ṣófo, àwo náà sì dún gbàǹgbà.

Mak Embun fò sókè. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nípa nǹkan ọkùnrin, n kò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Dahaman mú gègé, Mak Embun mú gègé. Dahaman tì í bọ tàdáwà, òun náà tì í bọ̀ ọ́. Dahaman fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sórí ìwé, Mak Embun fa ìlà méjì. Dahaman fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ, Mak Embun wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó fẹ́ tirẹ̀. Bidah ní òun rẹ́rìn-ín títí wàrà fi ń dà lọ́mú òun.

"Penghulu!" Dahaman ń fi ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín. "Ẹ bá wa tẹ èdìdì mọ́ ọn, kí ẹ̀rín yìí lè ní ẹlẹ́rìí!"

"Gbé e wá!" ni Jelani wí. Ó fi èédú kun èdìdì, ó tẹ̀ ẹ́. Ṣebí ohun tí a bá ṣe nínú látà, látà ló ṣe é? Kí ni ìwé á fi ìyẹn ṣe? Ó tún gbé ọwọ́ padà sínú ìrẹsì. Nígbà tí Bidah ká ẹní lẹ́yìn àlejò, ó rí àpò owó kékeré kan lábẹ́ rẹ̀. Ó rò pé ẹ̀bùn ọmọ ni, ó sì gbàdúrà fún Dahaman.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ọkùnrin kan dé pẹ̀lú okùn àti èèkàn, tí wọ́n ń wọn ọgbà. Mak Embun bọ́ síta pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ta ní rán yín wọ ọgbà mi?"

"Ẹ̀yin náà ni, ìyá. Ẹ ti tà á."

Jelani sáré dé, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, ó rí àmì èdìdì ara rẹ̀. Bidah ní ojú rẹ̀ yí padà bí ewé tí iná rà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, eré ni mo pè é."

"Mo mọ̀. Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín nígbà tó tán. Ó yá, lọ bá wọn sọ pé eré ni."

Ó lọ. Wọn kò gbọ́. Ó gbé àpò owó abẹ́ ẹní, tó wá yé wọn pé owó ọgbà ni, padà fún Dahaman, Dahaman kò gbà á. Ni Jelani bá sọdá sí Tanjung, ó lọ bá lọ́yà. Lọ́yà yìí, òyìnbó ni, ó ti pẹ́ nílẹ̀ wa débi pé ó ń jẹ ewé sirih tí àwa ń jẹ bí obì, ètè rẹ̀ pọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Nígbà tó ń fa ìlà yẹn, ṣé orí rẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀ rárá."

"Ṣé o lè búra sí i?"

"Màá búra."

"Ẹjọ́ yìí rọrùn nìyẹn."

Ọjọ́ ẹjọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo Kuala Serai ló sọdá. Àwọn obìnrin wọ aṣọ ọdún, wọ́n fi wúrà de àyà ẹ̀wù. Mak Embun wọ ẹ̀wù àwọ̀ ewé tó wọ̀ sin ọkọ rẹ̀. Jelani gbé Kùránì lé orí, ó búra pé orí ẹ̀gbọ́n òun kì í sí níbẹ̀ bí látà bá dé, pé ẹnikẹ́ni lè mú un ṣe ohunkóhun. Lọ́yà rẹ̀ ní kí adájọ́ fojú ara rẹ̀ rí i, ó ti ìwé òfin ńlá kan bọ́ sílẹ̀, gbì! Adájọ́ ń yọ dígí ojú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, àgbà òyìnbó pupa kan. Mak Embun náà bá yọ dígí tí kò sí lójú rẹ̀, ó mí sí i, ó nù ún, ó gbé e padà sójú, ó sì wo kóòtù láti òkè délẹ̀ bí adájọ́. Àwọn ọlọ́pàá pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu.

Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ògbufọ̀ kóòtù sì yí i sí èdè wa, ó ń pè é ní Tuan, èyí tí í ṣe ọ̀gá: "Tuan ní ẹni tí orí rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ta ilẹ̀. Ìwé náà ti kú."

Ariwo ayọ̀ gba ilé. Bidah ti ń dì mọ́ Mak Embun.

"Ẹ dákẹ́!" ni ògbufọ̀ wí. "Tuan kò tíì sọ̀rọ̀ tán."

Adájọ́ sọ èyí tó kù. Ó ní òfin kan náà tó pa ìwé yìí, ó ní apá kejì. Ẹni tí orí rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè mú ṣe ohunkóhun, kò yẹ kó máa rìn kiri láàrín ìlú, torí bí wọ́n ṣe mú un fa ìlà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n lè mú un fa ọ̀bẹ yọ. Kí wọ́n mú un lọ sí ilé àwọn wèrè, kí dókítà máa ṣọ́ ọ, títí kóòtù yóò fi rí i pé orí rẹ̀ ti pé. Kí àbúrò rẹ̀ máa tọ́jú ọgbà.

"Jelani," ni Mak Embun wí, "kí ló ń wí?"

Bidah ló dáhùn, ó ń pariwo mọ́ adájọ́: "Wèrè kọ́! Látà ni! Ta ló sọ pé wèrè ni?"

"Àbúrò rẹ̀ ni," ni ògbufọ̀ fèsì, "pẹ̀lú Kùránì lórí."

Ohun tó rú mi lójú nìyí láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìtàn náà. Àwọn ará ibí ní àyè mẹ́ta: orí pípé, wèrè, àti látà. Òfin ní méjì péré. Jelani gbé àyè kẹta lọ síbẹ̀, wọ́n sì wá ibi tí wọn yóò gbé e sí, wọ́n tì í mọ́ ti wèrè.

Ilé àwọn wèrè wà lẹ́yìn Tanjung, ó ní odi gíga, àgbàlá rẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọn kò lu Mak Embun, ebi kò pa á. Àwọn wọ́dà obìnrin ibẹ̀ ló rí eré. Ní Kuala Serai, bóyá lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni ẹnìkan á dá a níjì, wọn á sì bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀, láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń ju ìgbákọ sílẹ̀ láti dá a níjì. Ẹ jó, á jó. Ẹ gbó bí ajá, á gbó. Látà tó máa ń wá bí òjò inú ẹ̀ẹ̀rùn wá ń wá bí òjò ìgbà ìjì. Ó rù. Bí ewé bá jábọ́, ara rẹ̀ á gbọ̀n.

Dókítà ibẹ̀, òyìnbó tí kò dàgbà púpọ̀, ń sọ èdè ọjà wa bí ẹni tí òkúta wà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sàn-án kan, ó gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ìbòòji.

"Ìyá, nígbà tó bá dé, níbo lẹ máa ń wà?"

Kò sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè yìí rí, àwọn tó mọ̀ ọ́n nílé pàápàá. Ó rò ó.

"Ibẹ̀ náà ni mo wà. Ẹ wò ó bí ẹni tó dúró lójú fèrèsé, tí ewúrẹ́ rẹ̀ wọ oko olóko. Mo ń pe ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kò gbọ́."

"Ewúrẹ́ ta ni?"

"Èmi ni mo ni ín. Mo kàn ní kò gbọ́ tèmi ni."

"Ṣé ẹ lè pa ènìyàn?"

"Bí ẹ bá ń gún ẹnìkan níwájú mi, tí ẹ sì fi ọ̀bẹ kejì sọ́wọ́ mi, ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, ó lé àwọn wọ́dà tó ń ju ìgbákọ kúrò níbẹ̀.

Jelani wá wò ó. Ó gbé ìkòkò tempoyak wá, dúríán tí a fi iyọ̀ pa mọ́ títí tó fi kan. Wọ́n jókòó.

"Ọgbà ń kọ́?" ni Mak Embun bi í.

"Ó ti so. Mo fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀."

"Ìgbà wo ni màá wálé?"

Jelani ń wo ìkòkò. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá ní orí yín ti pé, Dahaman á ní ó ti pé látìbẹ̀rẹ̀. Ìwé yẹn á jí. Ilẹ̀ bàbá wa á lọ. Ẹ fara dà á."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí ọ̀rọ̀ á fi sú Dahaman."

"Ìwọ wá wọlé síbí, kí èmi lọ fara dà á nílé."

"Ẹ má fi mí ṣeré, ẹ̀gbọ́n. Èdìdì mi ló wà lórí ìwé yẹn. Bí ọgbà yẹn bá lọ, èmi ni mo tà á. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo sàréè bàbá?"

Mak Embun gbá a lẹ́yìn.

Dahaman kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sú òun. Nígbà tó gbọ́ pé dókítà ń sọ pé obìnrin náà kì í ṣe wèrè, ó gba lọ́yà tuntun, ó pe ẹjọ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ wo bí ayé ṣe dorí kodò: ẹni tó rẹ́ Mak Embun jẹ ló wá ń jà fitafita pé orí rẹ̀ pé, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló wá kún kóòtù láti sọ pé wèrè ni. Bidah nìkan ni kò mọ ibi tí òun ó jókòó sí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Adájọ́ pupa yẹn náà ni. Dókítà sọ tirẹ̀: yàtọ̀ sí ìgbà tí nǹkan bá já a láyà, orí obìnrin yìí pé ju ti àwọn kan tí òun bá jẹun lálẹ́ àná lọ. Adájọ́ wá kọjú sí Mak Embun fúnra rẹ̀.

"Ìka mélòó ni mo nà?"

"Mẹ́ta, Tuan. Ẹ gé èékánná wọn."

"Ta ló ni ilé tí ẹ ti ń bọ̀?"

"Ìjọba. Ó sì lè máa gbé inú rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi gbogbo. Adájọ́ pàápàá kọ nǹkan sílẹ̀ pẹ̀lú ojú tó rọ̀. Jelani rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti ń bọ́. Ó rí ọgbà náà tó ń lọ. Ó dìde lójijì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá àga, ó ké tòò: "Àkekèé!"

Mak Embun ta gìrì. Ó yí sí i. Ọ̀rọ̀ burúkú náà jáde, níwájú òyìnbó àti lébáì, àlùfáà ìmàle. Ó gbá àga tirẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì ń ké: "Àkekèé! Àkekèé!"

Ó yẹ kí Jelani máa ṣe nǹkan lọ kí adájọ́ lè rí i dáadáa. Kò lè ṣe é. Ó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ó ti rù, tí ó dojú kọ tirẹ̀ tó ń retí ohun tí yóò ṣe tẹ̀lé e. Ẹ̀kún gbọ̀n ọ́n. Ó fa etí láwàní rẹ̀ bojú. Mak Embun fa ìborùn bojú. Èjìká Jelani ń gbọ̀n, èjìká tirẹ̀ ń gbọ̀n. Ó mí kanlẹ̀, òun náà mí kanlẹ̀.

"Ta ni ń sunkún nínú àwọn méjèèjì?" adájọ́ bi ògbufọ̀.

"Ẹnìkan ni, Tuan," ni ògbufọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n n kò mọ èwo."

Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ Mak Embun sọ̀kalẹ̀ kúrò lójú. Ojú rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ó ń wo iwájú.

"Ó ti lọ," ó ní. "Èmi nìyí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Tuan, ẹ bi mí léèrè tó kù."

Adájọ́ gbé ìwé náà sókè. "Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tí ẹ fa ìlà yìí?"

"Bí mo bá ní n kò mọ̀, níbo ni màá sùn lónìí?"

"Ní ilé ìjọba."

"Lọ́la ń kọ́?"

"Ibẹ̀ náà."

"Bí mo bá ní mo mọ̀?"

"Ẹ ó máa lọ sí Kuala Serai. Ṣùgbọ́n ọgbà ti di ti Dahaman."

Bidah sọ pé òun rí Mak Embun tó gbé ọwọ́ ọ̀tún wò, tó tún wo ti òsì, bí ẹni tó ń gbé dúríán méjì lọ́jà tó fẹ́ mọ èyí tó wúwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" ni Jelani ké. "Sàréè bàbá!"

"Bàbá kò sunkún òru nínú rẹ̀ rí, Jelani. Èmi ń sunkún ní ilé wèrè yẹn." Ó kọjú sí adájọ́. "Mo mọ̀. Ọwọ́ mi yìí ló fà á. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Adájọ́ ní òun mọ̀, gbogbo ẹni tó wà nínú ilé náà sì mọ̀, pé ohun tó wí nípa ọjọ́ ìlà yẹn kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè gbé àdánù méjì lé ọwọ́, kó wò wọ́n dáadáa, kó sì mú ọ̀kan, orí rẹ̀ pé. Òfin kò bi òun bóyá èyí tó mú dára. Ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Dahaman gba ìwé rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Bí Mak Embun ti ń kọjá lọ, ó na ọwọ́ sí Jelani. Jelani yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀yìn ilé Bidah ni Mak Embun gbé títí tó fi kú. Ó gbẹ̀bí ọmọ púpọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni ìyá tó bí mi. Kò sí ẹni tó tún dá a níjì mọ́ ní Kuala Serai. Bí àwo bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, gbogbo ilé á dákẹ́, wọn á máa wo ilẹ̀ títí yóò fi kọjá. Nítorí pé Mak Embun ní òun mọ̀, àwọn ènìyàn ń sọ pé Jelani búra èké. Ó dá èdìdì padà fún ìjọba, ó kó lọ sí òdìkejì odò. Lọ́dọọdún ni Mak Embun ń fi ìkòkò tempoyak ránṣẹ́ sí i. Lọ́dọọdún ni ìkòkò náà ń padà wá, tí wọn kò ṣí i. Àwọn olóko ìrèké gé àwọn igi náà ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé ẹjọ́ náà, wọ́n sì fi wọ́n dáná ilé ìfún-ìrèké.

Ohun tó sọnù nìyí: igi dúríán mọ́kànlélógún, igi àgbọn mẹ́sàn-án, ilé onípákó kan, kànga kan, sàréè méjì tí ìrèké bò mọ́lẹ̀, àti àbúrò kan.